Àwọn Tó Gbé Òṣùwọ̀n Lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kò sí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú agboolé Yorùbá tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, tó na ìka sí àwọn ọmọ tó ń ṣeré lọ́ọ̀dẹ̀, tó ní ení, èjì, ẹ̀ta, ìyá àgbà yóò ti jágbe mọ́ ọn kó tó dórí ẹ̀rin. Àwọn tó fi èèwọ̀ yìí lélẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn rí. Ọmọ tí wọ́n sin ti pọ̀ jù. Ìyá tó bí márùn-ún lè má rí ju mẹ́ta lọ nígbà tí ọyẹ́ bá tán, tí èéyi bá ti jà kọjá láàárín ìlú. Ẹ tún wo orúkọ tí a ń sọ ọmọ: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́, Kúkọ̀yí, Rótìmí. Ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀bẹ̀ tí òbí ń bẹ ọmọ tó gbé sórí ẹsẹ̀ pé kó jọ̀wọ́, kó má lọ.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé ṣe ní nǹkan bí ọdún 1957 fi ń jọ wá lójú títí di òní. Wọ́n gbà kí wọ́n ka ọmọ wọn. Wọ́n gbà kí nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, kó pe ìwọ̀n rẹ̀ síta, kó kọ ọ́ sórí káàdì, kí oṣù tó ń bọ̀ tún dé kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Oríyìn tí a jókòó kọ yìí, tàwọn ìyá wọ̀nyẹn ni, tàwọn nọ́ọ̀sì tó di òṣùwọ̀n náà mú ni, ti ilé ìwòsàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó rán wọn níṣẹ́ sì ni pẹ̀lú.

Ìmẹ̀sí-Ilé wà lábẹ́ òkè, ní ìhà ibi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti fi ara kan Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti òde òní. Ẹni tó mọ ìtàn mọ ìlú náà. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti gbà láti jáwọ́ nínú ogun Kírìjì. Oníwàásù ni àwọn tó sá sókè sá sódò láàárín ibùdó méjèèjì kí ọ̀rọ̀ náà tó ní ojútùú, Samuel Johnson àti Charles Phillips. Nígbà tó fi máa di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ogun mìíràn ń jà ní ìlú yẹn, èyí tí kò ní ìró ìbọn ńlá nínú. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kì í pé ọdún márùn-ún láyé.

Ilé ìwòsàn Mẹ́tọ́díìsì tó rán àwọn nọ́ọ̀sì náà níṣẹ́ wà ní Iléṣà, Wesley ni ọ̀pọ̀ ará ìlú yẹn sì ń pè é ní ṣókí. Wesley Guild ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ló ń dáwó jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn fún ilé ìwòsàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní fi ojú rí láéláé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ló ti ń gba aboyún àti aláìsàn ní Iléṣà, títí di nǹkan bí ọdún 1975 tó bọ́ sábẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ifẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan, a ò ní gbàgbé. Àwọn bàbá ìjọ Àgùdà ti dá ti Lántòrò sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1895, àwọn Onítẹ̀bọmi sì ní tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wọn ló tọ́ sí ìyìn. Ṣùgbọ́n Ìmẹ̀sí-Ilé ni a fẹ́ sọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí níbòmíràn lọ́nà bẹ́ẹ̀, àwa tó ni ín sì ni a kì í sọ ọ́.

Ní ọdún 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan dé sí Wesley láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. David Morley ni. Ọmọ àlùfáà ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ohun tó bá ní yàrá àwọn ọmọdé kò ṣòro láti fojú inú wò fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìgbà yẹn. Ìyá yóò gbé ọmọ pọ̀n láti oko, yóò wá bọ̀lẹ̀kájà tí yóò gbé e dé Iléṣà, yóò dé pẹ̀lú ọmọ tí ojú rẹ̀ ti yí padà. Bí ọmọ náà bá rù ú là, wọn a fún un ní oògùn, wọn a fún un ní oúnjẹ tó dáa, ara rẹ̀ a mókun, ìyá a gbé e padà sí abúlé. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí yóò tún gbé e dé. Àìsàn tó gbé e wá lákọ̀ọ́kọ́ náà ni. Ibi tí àìsàn ti ń mú un kì í ṣe Iléṣà, oògùn Iléṣà kò sì lè dé ìdí rẹ̀.

Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Newcastle, dókítà kan tó ń jẹ́ James Spence àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ẹgbẹ̀rún ìdílé láti ọdún 1947, tí wọ́n ń lọ sílé wọn láti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ wọn kó tó di pé ó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Morley mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ó rò ó pé bí wọ́n bá lè ṣe é níbi tí ilé ìwòsàn pọ̀ sí, kí ló dé tí a ò ní ṣe é ní Ìmẹ̀sí-Ilé? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan bí 400 ọmọ ni wọ́n tẹ̀ lé láti ọjọ́ tí a bí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ agboolé lọ bá wọn, wọ́n ń béèrè ohun tí ọmọ jẹ, ohun tó ṣe é, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ta ló ń gbé e pọ̀n bí ìyá bá lọ sí ọjà.

A fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé ibí ni ìyìn wa wúwo sí. Ìwà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá ran aláìní lọ́wọ́ ni pé yóò ti mọ ìdáhùn kó tó gbọ́ ìbéèrè. Àwọn wọ̀nyí fi ọdún mélòó kan gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu àwọn ìyá. Wọ́n rí i pé ohun tí àwọn ìyá ń ṣe tó dára pọ̀. Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ń mu ọmú fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tọkọtaya kì í sì í sùn pọ̀ títí ọmọ yóò fi kúrò lẹ́nu ọmú, kí òmíràn má baà lé e sílẹ̀. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí ọmú nìkan kò tó mọ́, tí ọmọ wá ń jẹ ẹ̀kọ lásán. Ẹ̀kọ ń kún inú, kì í kọ́ ẹran ara. Ara ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í wú, irun rẹ̀ a pọ́n, kò ní lè ṣeré mọ́, a kàn máa sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀wà wà nílé, ẹ̀pà wà lóko, ẹyin wà lábẹ́ adìyẹ. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Kì í ṣe dókítà òyìnbó ló lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí èyí kí ó wọ̀ ọ́ létí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tó kúnlẹ̀ kí ìyá, tó pè é ní ìyá mi, tó fi èdè ìlú bá a sọ ọ́, òun ló lè ṣe é.

Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí yìí ni Morley fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ní ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fún aláìsàn ní oògùn láìjẹ́ pé dókítà rí i. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nọ́ọ̀sì ló ń yẹ ọmọ wò, òun ló ń tọ́jú ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́, kìkì èyí tó bá kọjá agbára rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí dókítà. Wọ́n tún wó ògiri mìíràn. Tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ tó ń ṣe dáadáa ọ̀tọ̀, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ọ̀tọ̀, ọjọ́ wọn pàápàá lè yàtọ̀. Ìyá tó fi oko sílẹ̀ tó rin ọ̀nà jíjìn, wọn a ní ọmọ rẹ kò yá, kì í ṣe ọjọ́ yín lòní. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọmọ tó yá àti èyí tí kò yá ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan náà. Kìkì ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ọmọ náà má tíì pé ọdún márùn-ún. Òṣùwọ̀n kò béèrè bóyá ìyá ọmọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Káàdì náà wá ńkọ́? Bí ẹ bá ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí, ẹ ti rí irú rẹ̀. Oṣù tí a bí ọmọ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e wà ní àpótí kejì, bẹ́ẹ̀ títí di ọdún karùn-ún. Ìlà méjì tẹ̀ gun òkè bí ọ̀nà, wọ́n sì ń fi àmì ṣóńṣó sí ibi tí ìwọ̀n ọmọ bọ́ sí lóṣù kọ̀ọ̀kan. Bí àmì bá ń gùn, ayọ̀ ni. Bí ó bá dúró lójú kan fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ohun kan ń bọ̀, bí ọmọ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá tí kò mọ ìwé kà mọ ọ̀nà tó ń gun òkè, ó mọ èyí tó ń dà sí kòtò. Ọ̀nà ìlera ni Morley pè é, orúkọ náà sì bá ilẹ̀ olókè bí Ìmẹ̀sí-Ilé mu.

Nígbà tí wọ́n kọ káàdì náà tán, ìyá ni wọ́n fún. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, èyí ni ọkàn wa yọ̀ sí jù. Ilé ìwòsàn ni ìwé aláìsàn ń gbé láyé ìgbà yẹn, nínú yàrá tí akọ̀wé ń tì. Ẹnu yà àwọn kan pé wọ́n lè kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé obìnrin abúlé lọ́wọ́: yóò sọ ọ́ nù, òjò yóò pa á, ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́. Wọ́n fi í sínú ọ̀rá, wọ́n ní kó gbé e lọ sílé. Ìwé tó sọnù lọ́wọ́ àwọn ìyá kò tó èyí tó ń sọnù nílé ìwòsàn. Ó yẹ kí a ti mọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ fún ogójì ọdún, ṣé ìwé ọmọ rẹ̀ ló máa wá sọ nù? Káàdì tèmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àpótí ìyá mi títí di òní, pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ tó ti pọ́n, lábẹ́ ìwé orin rẹ̀.

Wọ́n tún kọ́ láti mọ ọmọ tí ojú gbọdọ̀ wà lára rẹ̀ kó tó ṣàìsàn rárá. Ìwé tí wọ́n kọ lórí èyí ka ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ agboolé yóò gbà pé òótọ́ ni: ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò wọ̀n tó kílò mẹ́rìnlélógójì, ọmọ tó jẹ́ ìkẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ tí baba tàbí ìyá rẹ̀ ti kú tàbí tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú lé ní mẹ́rin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Kò sí kòkòrò àrùn kankan níbẹ̀. Opó ló wà níbẹ̀, ìyàwó tí ọkọ kọ̀ ló wà níbẹ̀, ìyá tí ebi ń pa ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú yẹn, a ní orúkọ fún un látọjọ́ pípẹ́. Àbíkú ni à ń pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì Wesley kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí orúkọ. Wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọmọ yìí, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ èéyi kò gbọdọ̀ gùn, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó. Ní ọdún 1960, Samuel Katz wá láti Boston, láti yàrá ìwádìí John Enders níbi tí wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi jáde. Ohun tó gbọ́ ní ilẹ̀ wa tí kò gbàgbé títí ọjọ́ alẹ́ ni pé ìyá kì í ka ọmọ rẹ̀ títí èéyi yóò fi kọjá. Òun àti Morley gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà níbí, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí i fún gbogbo ìlú. Ọdún 1963 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹnì kan lè bi wá pé ṣé ara ọmọ wa ni wọ́n fi dán oògùn wò ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò sì yẹ kí a bínú sí ẹni tó bi wá. Abẹ́rẹ́ kan náà ti kọ́kọ́ wọ ara ọmọ Amẹ́ríkà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń mú kí ara ọmọ gbóná nígbà náà, èyí tí wọ́n ń lò lónìí ti rọ̀ ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí èéyi ti ń pa ọmọ bí ó ṣe ń pa tiwa, ó yẹ kí ọmọ tiwa tètè rí ààbò, kí wọ́n má fi wá sí ẹ̀yìn.

Morley padà sílé ní ọdún 1961, ó sì gbé ẹ̀kọ́ Ìmẹ̀sí-Ilé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1965 ó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ń ta ìwé àti ohun èlò ìkọ́ni ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ìgbèríko. Ó ṣe ṣíbí olórí méjì, ọ̀kan fún ṣúgà, ọ̀kan fún iyọ̀, kí ìyá lè po omi fún ìgbẹ́ gbuuru láìṣì í. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1973 di ohun tí dókítà ń kà káàkiri ayé. Nígbà tí àjọ UNICEF lábẹ́ James Grant ń polongo ohun mẹ́rin tí yóò gba ọmọdé là, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wíwọn ọmọ sórí káàdì ló ṣáájú wọn. Morley kú ní 2009. Káàdì tí ìyá kan ní Bàngíládẹ́ẹ̀ṣì tàbí ní Kẹ́ńyà ń tú jáde nínú ọ̀rá lówùúrọ̀ yìí, ìbátan èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fà lé ìyá Ìjẹ̀ṣà lọ́wọ́ ni.

Àwa tí à ń kọ̀wé yìí ti bá ìjọ lọ sí abúlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A ti rí ọkọ̀ mẹ́ta tó gbé ìrẹsì, aṣọ òkìrìkà àti ayàwòrán dé láàárọ̀, tó sì ti padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. A kò kẹ́gàn rẹ̀, ẹni tí ebi ń pa jẹ ìrẹsì náà, ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a tún mọ àwọn obìnrin kan nínú ìjọ, aya àlùfáà, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń lọ sí abúlé kan náà ní Sátidé kejì oṣù láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, tí wọ́n mọ èyí tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó. Kò sí ayàwòrán tó ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn ni arọ́pò nọ́ọ̀sì Ìmẹ̀sí-Ilé, a sì gbé òṣùbà fún wọn ní gbangba. Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn olórí ìjọ ni pé kí wọ́n fún irú wọn ní owó ọkọ̀, kí wọ́n ra òṣùwọ̀n fún wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún kù, ará Ìmẹ̀sí-Ilé àti Iléṣà ni a fẹ́ bẹ̀. Orúkọ Morley wà nínú ìwé. Ti Margaret Woodland, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ kọ ìwádìí náà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin Ìjẹ̀ṣà tó ń gun òkè wọ agboolé pẹ̀lú òṣùwọ̀n, tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kí wọ́n tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣọ̀wọ́n nínú ìwé wọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá wà láyé, wọ́n ti kọjá ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ ìyá ìyá ẹni tó ń ka èyí. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ yẹ inú àpótí wò fún àwòrán, fún báàjì, fún káàdì. Ẹ kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ení títí dé ẹni tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa.